Ẹrú Kú, Ìyá Ẹ̀ Ò Gbọ́



Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá ẹ̀ ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ òwe yìí, ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni mo máa ń rántí. Omi pa èèyàn níbi mẹ́ta lọ́sẹ̀ náà, ariwo tó ta lé wọn lórí kò sì dọ́gba.

Nílé níbí ni ti àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12, ọkọ̀ onígi tó ń kó àwọn èrò ìgbéyàwó bọ̀ dànù ní agbègbè Pategi, ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó di ọjọ́ kejì kí ìròyìn náà tó tàn dé ìgboro. Àyájọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ni ọjọ́ náà sì bọ́ sí, ọ̀rọ̀ ààrẹ tuntun ló kún ojú ewé ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ 14, ọkọ̀ ìpẹja kan tó gbéra láti Tobruk ní Líbíà rì sínú òkun nítòsí Pylos, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Èèyàn bíi 750 ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀. 104 ló yè, òkú 82 ni wọ́n rí gbé. Nígbà tó di ọjọ́ 18, èèyàn márùn-ún wọ ọkọ̀ abẹ́ omi Titan láti lọ wo àwókù ọkọ̀ Titanic. Wọn ò padà wá.

Ẹ̀yin náà mọ èyí tí gbogbo ayé gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, bàálù Kánádà, ọkọ̀ Faransé tó gbé ẹ̀rọ tó lè dé ìsàlẹ̀ òkun, gbogbo wọn ló jáde láti wá àwọn márùn-ún yẹn títí wọ́n fi rí àfọ́kù ọkọ̀ náà lọ́jọ́ 22. Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí Pategi lórí máàpù mọ iye wákàtí tí afẹ́fẹ́ inú Titan lè gbé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní nítorí àwọ̀ ni. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Nínú àwọn márùn-ún náà, ọmọ Pàkísítánì ni Shahzada Dawood, òun àti Suleman ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n jọ lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Pàkísítánì ló sì bá ọkọ̀ Gíríìsì lọ, débi pé ìjọba wọn kéde ọjọ́ 19 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọ̀fọ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n àyè kan nínú Titan, 250,000 dọ́là ni.

Lójú tèmi, orúkọ ló kọ́kọ́ fa ìyàtọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹsẹ Ifá mọ̀ pé awo kì í dífá fún “àwọn kan” ṣáá. Ọba ni o, tálákà ni o, ẹyẹ ni o, igi oko ni o, a ó gbọ́ orúkọ ẹ̀, a ó gbọ́ ohun tó ń bá a jà, a ó sì gbọ́ bóyá ó rúbọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ayé àtijọ́ fi ń dùn wá dòní. Àwọn èrò Titan ní orúkọ, wọ́n ní àwòrán, a rí àwọn ẹbí tó ń retí wọn. A kì í kọ orúkọ èrò sílẹ̀ nínú irú ọkọ̀ tó dànù ní Pategi. Iye ni wọ́n dà lójú wa, ta ló sì ń sunkún iye?

Ìtàn Titan kò sì tíì parí nígbà tí a gbọ́ ọ. Wákàtí 96 ni wọ́n ní afẹ́fẹ́ wọn lè gbé, gbogbo wa sì ń kà á bí ẹni ń ka ọmọ ayò. Ti Pategi ti parí kí akọ̀ròyìn tó mọ̀.

Ariwo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, torí ibi tó bá wà ni owó àti ìwádìí ń lọ. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà jókòó ní gbangba láti gbọ́ ohun tó pa àwọn èrò Titan. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ọkọ̀ onígi mìíràn tó kó èrò Màólúùdì tún dànù lóru ní agbègbè Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger.

Kí a má tan ara wa o, àwọn baba wa náà wọn òkú wò. Bí ọba bá wàjà, a pa ọjà; bí ìwọ̀fà bá kú, ọjà ń ná. Síbẹ̀, ní ti ètùtù, irú ikú ni wọ́n ń wò. Ẹni tí àrá bá pa, àwọn oníṣàngó ni wọ́n ń pè. Ẹni tí omi bá gbé, àwọn olómi ló ń ṣètùtù ẹ̀, etí odò ni wọ́n sì ń sin ín sí. Kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá ọmọ ọlọ́rọ̀ ni kí wọ́n tó dìde.

Ìròyìn tó jáde láti Pategi ní etí odò ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú òkú náà sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Ilẹ̀ Tápà ni, ilẹ̀ tí ìtàn ní ìyá Ṣàngó ti wá. Niger ni ìwé ń pe odò tó gbé wọn. Odò Ọya ni àwa ń pè é. Lọ́sẹ̀ náà, àwọn tó wá bi mí ní ọ̀rọ̀ omi fẹ́ mọ̀ bóyá Olókun ló bínú sí Titan. Ẹnìkan ò bi mí ní ti Ọya.

Ẹ̀yin ọlọ́ya, bí ẹ bá tún dé etí odò náà, ẹ bá wa béèrè orúkọ àwọn èèyàn wọn lọ́wọ́ àwọn ará Pategi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́. Àyè wà fún un lójú ewé yìí.