Ẹni Tí A Bá Lábà Ni Baba: Ọ̀rọ̀ Àkèré Orí Igi

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó tẹ̀dó sí Àbújá, láti Kubwa dé Lugbe, láti Gwarinpa dé Nyanya, bí òjò bá ti rọ̀ lálẹ́, igbe àkèré kì í jẹ́ kí àwọn kan nínú wa sùn. Ẹlòmíì á da kẹrosíìnì sójú omi. Ẹlòmíì á ní ayé ló rán an wá, á sì pa á. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ bá ara wa sọ.

Nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù Nàìjíríà, àkèré kan wà tí kì í yé ẹyin sínú omi. Orí ẹ̀ka igi tó ṣíji bo omi ló ń lọ. Abo rẹ̀ á tú omi kan jáde lára, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ, inú rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ onírù á já bọ́ sínú omi tó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà tí ẹsẹ̀ fi ń yọ, tí ìrù sì ń wọlé. Bí a bá gé igi náà, kò ríbi yé sí. Bí a bá fi yẹ̀pẹ̀ dí omi, orí ilẹ̀ gbígbẹ lọmọ rẹ̀ á já sí.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni Àbújá, ṣùgbọ́n àwọn ìbátan àkèré yìí ń gbé ọ̀dàn. Irú kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí awọ wọn á funfun kí oòrùn má baà pa wọ́n. Iná tí a ń dá sígbó lẹ́ẹ̀rùn ló ń jó irú wọn.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Kòkòrò ni àkèré ń jẹ, ẹ̀fọn sì wà lára wọn. Nígbà tí àrùn kan pa ọ̀pọ̀ àkèré ní Costa Rica àti Panama, ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí i níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Omi tí a dí ọ̀nà rẹ̀ náà kì í gbàgbé ọ̀nà. Ní Oṣù Kẹfà 2023, omi ya wọlé àwọn èèyàn ní Trademore Estate ní Lugbe, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹnìkan lè ní ṣebí omi ló ń bí ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ ni. A ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí omi dúró sínú gọ́tà ilé rẹ̀. Odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé àti igi etí rẹ̀ là ń sọ.

Ọdún 1976 ni ìjọba yan ilẹ̀ yìí, ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá 1991 ni olú ìlú kúrò ní Èkó wá síbí. Àwọn Gbagyi ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, àkèré sì ti wà kí gbogbo èèyàn tó dé. Àlejò tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ kì í kọ́kọ́ lé onílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ má da yẹ̀pẹ̀ sódò. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ yé da ọ́ìlì tó ti dọ̀tí sí gọ́tà, nítorí awọ ara ni àkèré fi ń fa omi mu, ó sì ń fa májèlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé yín kí òjò tó tún dé. Bí igbe àkèré bá dákẹ́ ní àdúgbò wa, ẹ̀fọn ni yóò máa kọrin sí wa létí.