Kí Àgbà Tó Sùn, Kí Ó Sọ̀rọ̀



Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nítorí àrùn Kòrónà, àìsàn gbé bàbá mi dè ní Òṣogbo. Èmi wà ní Ìbàdàn. Àbúrò mi obìnrin nìkan ni ó ń gbé wọn dìde, tí ó ń wẹ̀ wọ́n, tí ó ń fún wọn lóògùn. Nígbà tí wọn kò lè mí délẹ̀ mọ́, ó pè wá lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi, tí í ṣe pásítọ̀, ní kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi ní kí a fi wọ́n sílé, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí ẹbí wọlé tọ̀ wọ́n níbẹ̀. Àwa méjèèjì ń bura pé ohun tí Bàbá fẹ́ ni a ń sọ. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n rí nínú wa. Èmi tí ará ayé ń wá bi léèrè ọ̀la, n kò bi bàbá mi léèrè.

Àbúrò mi dá ìpinnu ṣe, ó gbé wọn lọ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n papò dà. Títí di òní ni ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣàṣìṣe. Ẹrù tí gbogbo ilé ìbá pín gbé ni ó dá rù.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá dárúkọ ikú, ó ń pè é ni. Ẹ wo èdè wa: ọba a wàjà, àgbà a sùn, ẹlòmíràn a re ibi àgbà ń rè. Àwọn babańlá wa ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyí sílẹ̀ kí a lè gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa babaláwo ńkọ́? Ṣé ikú kò sí lára ohun tí à ń fi ìbò bèèrè ni?

Ọ̀ràn náà tún ká àwa oníṣẹ̀ṣe lára ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni ọmọ wọn ti gba ẹ̀sìn mìíràn. Bí wọn kò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò ránṣẹ́ sí àwọn awo? Ta ni yóò gba ikin wọn?

Nítorí náà, ẹ bi àwọn àgbà yín nígbà tí ara wọn ṣì le. Ta ni kí dókítà gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu bí wọn kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́? Ilé ni wọ́n ń fẹ́, àbí ilé ìwòsàn? Ṣé wọ́n fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mí? Ètùtù wo ni kí a ṣe, àwọn wo ni yóò sì ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olùtọ́jú, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹbí, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn awo. Bí ọkàn wọn bá yí padà, kí a tún un kọ.

Ẹ má sì gbàgbé olùtọ́jú. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹun, kí ó sì sùn. Kí àwa tí a wà lókèèrè máa fi owó ránṣẹ́, kí a sì máa lọ gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, kí a tó máa pàṣẹ lórí fóònù.

Mo ti sọ tèmi fún àwọn ọmọ mi. Ilé kò wó.