Ẹ Mú Káàdì Alájọ Wọ Kíláàsì Ìṣirò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni MMM gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èrè 30% lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Nígbà tó yá, CBEX tún dé, àwọn èèyàn tún kó sí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣebí a kọ́ èlé lórí èlé ní girama? A há fọ́múlà rẹ̀ sórí nítorí WAEC, ó tán síbẹ̀. Ká ní wọ́n ní ká fi ṣírò ìlérí MMM ni, à bá rí i pé ₦10,000 yóò lé ní ₦230,000 lọ́dún kan, yóò sì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dún méjì. Òwò wo ló ń pa irú èrè yẹn?

Èmi ò ní kí wọ́n dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ o. Èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí olùkọ́ ìṣirò kàn mú káàdì alájọ wọ kíláàsì. Ẹni tó dá ₦200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò gba ₦6,000. Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Ọmọ tó bá ti lóye èyí, tí àwọn ayánilówó orí fóònù bá dé, yóò lè bi wọ́n pé: èló gan-an ni tiyín?