Ẹni Tí Abúlé Yàn Ni Abúlé Ń Gbọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe oko ní agbègbè Jọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ irúgbìn àti ajílẹ̀ ni a sábà máa ń bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò le kò lè roko. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lónìí.

Ẹ mọ amùkùrù, kòkòrò kékeré dúdú tí ń pamọ sínú odò tí omi rẹ̀ ń sáré. Bí ó ti ń jẹ ènìyàn ni ó ń kó ọmọ aràn sí i lára. Ara yóò máa yún, awọ yóò bàjẹ́, ojú a sì fọ́ níkẹyìn. Àrùn yìí ni àwọn ará Ìbàràpá ń pè ní inárun. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò.

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan tọrẹ. Oògùn náà kì í pa ìyá aràn, ọmọ rẹ̀ ni ó ń pa. Nítorí náà a ní láti máa lò ó lọ́dọọdún fún ọdún púpọ̀. Ta ni yóò máa gbé e dé ojúlé gbogbo? Àwọn nọ́ọ̀sì kò tó. Abúlé fúnra rẹ̀ ni ó yan ẹni tí yóò ṣe é. Ẹni náà ń fi ọ̀pá wọn gígùn olúkúlùkù kí ó tó ka iye hóró tí yóò gbé mì, ó sì ń kọ orúkọ agbo ilé sínú ìwé. Ní ọdún 2018, a kéde pé àrùn náà kò ràn mọ́ ní ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa.

Àwọn kan yóò wí pé oògùn ni ó ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn inú àká kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹni tí a mọ bàbá rẹ̀ ni ó gbé e wá, ni a fi gbà á mì.

Èrò wa ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí irú ètò yìí túká. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran-ọ̀sìn ti wà ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, láti ọdún 1924. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá dìgbòlugi wà, oògùn àjẹsára lúkúlúkú tí a lè kán sí ojú adìẹ náà sì wà. Bí a bá dúró de dókítà ẹran nìkan, adìẹ yóò ti kú tán, ajá yóò sì ti bu ọmọ jẹ. Ẹni tí abúlé yàn lè kọ́ bí a ti ń kán oògùn adìẹ. Ó sì lè ka iye ajá, kí ó kó wọn jọ de ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pa á. Ní ọjọ́ tí ó bá ń yí ilé ká, kí ẹgbẹ́ bá a roko rẹ̀.

Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ yan ènìyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí ẹ sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹran-ọ̀sìn tí ó súnmọ́ yín.