Ohun Tí O Fi Pa Ọmú, Ọmọ Rẹ Ló Ń Jẹ Ẹ́

Ìyá ọmọ, dúró ná. Abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀?

Òrí. Ó dáa. Àdí àgbọn. Ìyẹn náà dáa. Kí wá ni òórùn tó ń ta ni nímú yẹn?

Káńfọ̀ ni. Tàbí róòbù. O lọ̀ ọ́, o pò ó mọ́ òrí, o ń fi pa orí ọmú tó là, nítorí wọ́n sọ fún ẹ pé ìpara ilé ni, kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀. Láago méjì òru, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án á ké. Wàá ki ọmú yẹn bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Gbọ́ mi. Orí ọmú kì í ṣe orúnkún. Kì í ṣe ẹ̀yìn tó ń roni. Ohunkóhun tí o bá fi pa á, inú ọmọ ló ń lọ. Ìgbà mẹ́jọ, ìgbà méjìlá lójúmọ́. O ń bọ́ ọmọ rẹ ní káńfọ̀.

Mo mọ ohun tó gbé ẹ débẹ̀. Ọyẹ́ Kano tí o wà yìí kì í ṣe ọyẹ́ Ìbàdàn. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là, orí ọmú ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá tó yẹ kó wá wẹ ọmọ fún ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà, orí fóònù ló ti ń júwe oògùn. Àǹtí inú yàrá kejì náà ní òun lo irú rẹ̀ fún ọmọ mẹ́rin, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìrora yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ àǹtí kọ́ lo gbé sọ́wọ́.

Ṣé o mọ ohun tí bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń tà ní ọjà Sabon Gari jẹ́? Àwa ń pè é ní káńfọ̀, àwọn Hausa ń pè é ní kafur. Naphthalene ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Oògùn kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ni. Oògùn kòkòrò lo pò mọ́ òrí.

Káńfọ̀ gidi, irú èyí tó wà nínú róòbù, kò sàn lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Bí ó bá gbé e mì, gìrì lè mú un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí gìrì bá sì dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi àgbo ewé tábà àti ìtọ̀ màálù lé e. Ọmọ tí àgbo yẹn ti pa nílẹ̀ Yorùbá pọ̀.

Èyí tó burú jù kò tíì dé o.

Àbùkù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tí kò pé. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin Yorùbá márùn-ún ló ní in. Ka ọmọkùnrin inú àgbàlá yín. Márùn-ún? Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà níbẹ̀. Ìyá kì í mọ̀. Bàbá kì í mọ̀. Ọmọ á dára, á sanra, kò ní hàn lára rẹ̀. Má sì sọ fún mi pé AA ni ìwọ àti ọkọ rẹ. Jínótáìpù AA kò kan èyí rárá.

Jẹ́ kí naphthalene kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ di dandan kó jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ lára aṣọ lásán tó. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìdọ̀tí yẹ́lò tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ á kún ara rẹ̀. Ibà pọ́njú nìyẹn. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè gun orí lọ, kó wọ ọpọlọ. Èyí tí kò bá pa ọmọ lè sọ ọ́ di adití. Ọrùn rẹ̀ lè má dúró láéláé.

Menthol tó ń tutù nínú róòbù ńkọ́? Ní 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọmọdé tó padà di mínísítà ìlera wa, tẹ ìwádìí jáde lórí menthol àti ibà pọ́njú lára àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò pé. 1980! Ìyá tó bí ẹ lè má tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Títí di òní, a ṣì ń fi róòbù pa ọmọ tuntun.

Wo ojú ọmọ rẹ báyìí. Gbé e jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, torí gílóòbù inú yàrá máa ń tan ni. Ṣé funfun ojú ti di yẹ́lò? Tẹ iwájú orí rẹ̀, ká ọwọ́ kúrò kíá: ṣé yẹ́lò ló wà lábẹ́ ìka? Wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé ìtọ̀ rẹ̀ ti ṣókùnkùn bí omi kókà? Ṣé ó ń sùn jù, tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́? Ṣé igbe rẹ̀ ń han gooro? Ṣé ó ń nà gàn-ùn, tí orí rẹ̀ ń ká sẹ́yìn?

Bí o bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, má sá ọmọ sóòrùn. Má fún un ní omi gúlúkóòsì. Má fún un ní omi ìbẹ́pẹ. Wákàtí ni wọ́n ń jẹ. Ilé ìwòsàn Murtala Muhammad kò jìnnà sí Sabon Gari. Ilé ìwòsàn Aminu Kano wà lójú ọ̀nà Zaria. Gbé ọmọ, wọ kẹ̀kẹ́, kí o sì sọ fún dókítà pé káńfọ̀ wà nínú ìpara. Má tijú. Má fi pamọ́.

Bí oyin bá wà nínú ìpara rẹ, yọ òun náà kúrò. Kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ọmú tó ń dunni wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu ọmọ ló ń gé e, kì í ṣe ọyẹ́ nìkan. Orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu. Dúró kí ẹnu rẹ̀ ya gbàgà, kí ó gba púpọ̀ nínú dúdú tó yí orí ọmú ká, kí àgbọ̀n rẹ̀ fara kan ọmú. Bí ó bá ṣì ń ta ẹ́, ti ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀, yọ ọ́, tún un gbé. Bí ó bá mu tán, fún omi ọyàn rẹ díẹ̀, fi pa á, jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Òrí tí o bá fẹ́ fi kún un, òrí lásán tó mọ́ ni, fẹ́ẹ́rẹ́. Má fi ọṣẹ fọ orí ọmú, má fi sípíríìtì kàn án.

Bí apá kan ọmú bá le, tó gbóná, tí ibà àti òtútù dé, má ta ìpara kankan sí i. Máa fún ọmọ lọ́mú lọ, kí o sì dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á nílé.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń wẹ ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ yín la bí wa sí. Ẹ̀yin náà ni àwọn ìyá ọmọ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ bá mi sọ fún wọn.

Ìwọ ìyá ọmọ, má dúró di ọ̀la. Da ìpara yẹn sínú ṣáláńgá. Fi omi nu ọmú rẹ. Ṣí àpótí aṣọ ọmọ, kó káńfọ̀ inú rẹ̀ jáde, fọ gbogbo aṣọ náà, kí o sá a títí òórùn yẹn á fi lọ pátápátá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó wọ ọ̀kan sí i lọ́rùn.