Òjé Inú Bátìrì àti Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ará Ògijo

Bátìrì ọkọ̀ tí ó kú kì í ṣe pàǹtí lójú ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ni wọ́n ń rà á ní àdúgbò, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì máa dé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá Ìkòròdú.

Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan bátìrì, pẹlẹbẹ méjì ni ó dojú kọ ara wọn nínú ásíìdì: ọ̀kan jẹ́ òjé lásán, èkejì jẹ́ òjé tí ó ti gba ọ́síjìn sára. Òjé lásán a máa yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èkejì a sì máa gbà á. Ọ̀kan kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí èkejì, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí títà níbi tí kò sí rírà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agbára tí àwọn méjèèjì fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra ni a ń fi fóòtì wọ̀n. Ti yàrá kan tó bí 2. Ìdí nìyí tí a fi ń to yàrá 6 pọ̀ kí ó lè pé 12. Bí bátìrì ti ń ṣiṣẹ́, pẹlẹbẹ méjèèjì ń di ohun kan náà, ìyàtọ̀ náà sì ń tán. Ṣáàjì ní ń dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gan sára pẹlẹbẹ bí èépá, ṣáàjì kò ràn án mọ́.

Iná ìléru ló kù. Èédú a gba ọ́síjìn kúrò lára òjé, òjé a sì padà bọ̀ sípò. Kò sí àbùkù nínú ìmọ̀ yìí rárá. Èéfín àti eruku ni wàhálà: ẹ̀rọ tí yóò sẹ́ ẹ wọ́n, àdá tí a fi ń la bátìrì kò wọ́n.

Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn mú kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò ní Ògijo. Nǹkan bí 7 nínú 10 ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tí ó léwu. Ó sì ju ìdajì àwọn ọmọdé lọ tí tiwọn lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Nàìjíríà kò ṣàìmọ̀ ọ́n: ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé pa ní Zamfara, níbi tí a ti ń fọ́ òkúta wúrà.

Ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa lẹ́yìn ìròyìn náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ra àlòkù kò bá rí ibòmíràn tà á sí, ẹ̀yìnkùlé ni ìléru yóò ṣí lọ, níbi tí ojú olùbẹ̀wò kò tó. Àwọn tí ń ṣe bátìrì àti àwọn tí ń kó òjé náà lọ sí òkè òkun ni ó yẹ kí ó san owó ẹ̀rọ asẹ́fín, pẹ̀lú owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru.