Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn àgbà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a gbọ́ nínú òwe náà ni pé kí tọmọdé tàgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́. Wọn kò sọ pé kí àgbàlagbà gbé ohun tí ọmọdé yóò fi wà láàyè sórí pẹpẹ, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, pàápàá sí àwọn ọmọ tí ó ní ikọ́ fée, èyí tí tilé toko mọ̀ sí ásímà.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlẹ́nu. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa níhìn-ín, níbi tí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ti múlé ti ara wọn. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a ti tì pa láti ìgbà ọdún Kérésìmesì. Eruku sọ, àyà ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ínhélà rẹ̀, ike kékeré tí à ń tẹ̀ sẹ́nu kí oògùn inú rẹ̀ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí báǹkì. Bí olùkọ́ kan ti ń pe fóònù, tí èkejì ń bu omi sí i lórí, tí ẹ̀kẹta ń wá epo pupa kiri, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ gbé òkúta, ó fi já àgádágodo náà. Ọmọ àbúrò mi yè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e: wọ́n fi ọmọ tí ó já àgádágodo sórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ pé kí ó wá san owó rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fún mi ní àga. Mo ní, 'Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ni a ra oògùn yẹn fún?' Ó dáhùn pé, 'Ẹ má bínú, bàbá. Òfin wa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ní oògùn lọ́wọ́.' Ènìyàn burúkú kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dà á lójú rú, ọ̀rọ̀ náà sì ni oògùn.

Nínú èdè wa, oògùn ni ewé tí a gbo, oògùn ni hóró tí dókítà fún wa, oògùn náà sì ni ohun tí a dì mọ́ra kí ọ̀tá má baà rí wa gbé ṣe. Ó pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń tú àpò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nítorí oǹdè, ìfúnpá àti ìsọ̀yè tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn náà ni oògùn olóró dé. Tírámádọ̀ wọ ìgboro, omi ikọ́ tí ó ní kodíìnì sì di ohun mímu fún àwọn ọ̀dọ́, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 2018. N kò bá olùkọ́ tí ó ń bẹ̀rù wí. Ohun tí mo bá a wí lé lórí ni pé ó kó ejò àti okùn sínú àpò kan náà. Oògùn inú ínhélà aláwọ̀ búlúù tí à ń sọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ salbutamol, kì í pa ènìyàn bí ọtí. Ó wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dẹ àwọn iṣan tí ó fún mọ́ ọ̀nà èémí.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa nípa àrùn yìí. Bí ó bá dé, iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí ká á sún kì, inú ọ̀nà náà á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba àlàfo tí ó kù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oògùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ náà sì ni nǹkan lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn baba wa kò ṣàdédé mú kí èémí àti ẹ̀mí fara jọra lẹ́nu. Òkukù tí mo dárúkọ yìí ni Karin Barber ti kọ́ nípa oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, tí ó fi kọ ìwé tí ó jáde ní 1991. Kí ni akéwì fi ń ki ènìyàn bí kò ṣe èémí? Ìlú tí ó mọ iyì èémí tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ti èémí ọmọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń jí àrùn náà. Òun ló ń rán ọmọ níṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá nínú ọyẹ́. Òun ló ń ní kí wọ́n gé koríko, kí wọ́n nu ẹfun kúrò lójú pátákó, kí ẹni tí ó pẹ́ dé sáré yí pápá ká. Èéfín igi ìdáná sì ń wọlé láti ilé oúnjẹ. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí ó jáde ní 2019, fojú bù ú pé àwọn tí ó ní àrùn yìí láàárín wa tó mílíọ̀nù 13. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan tí ó lè sọ pé òun kò ní wọn.

Àwọn ẹlòmíràn ti fi ojú winá ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá 2012, ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan kú ní agbègbè Ontario ní Kánádà nígbà tí àrùn náà mú un ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n ti ínhélà rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́, títí tí ilé aṣòfin ibẹ̀ fi ṣe òfin tí a fi orúkọ ọmọ náà pè, Òfin Ryan, ní 2015, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé ínhélà rẹ̀ kiri. Ní Amẹ́ríkà, láti 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin láti gba àwọn ìpínlẹ̀ níyànjú sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá 2014 ni wọ́n ti gba ilé ẹ̀kọ́ láàyè láti ra ínhélà pamọ́ fún pàjáwìrì. N kò sọ èyí kí a lè máa yin òyìnbó. Àwọn náà dúró títí ọmọ fi kú. Ṣé àwa náà fẹ́ dúró de òkú tiwa ni?

Mo mọ àwíjàre tí wọn yóò mú wá. Wọ́n á ní ọmọ yóò sọ ọ́ nù, ó sì ti wọ́n gógó láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè tún ínhélà rà. Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣeré. Ẹ kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ wọn láti lo abẹ. Àdá tí ẹ ń fi lé wọn lọ́wọ́ láti fi ro oko ilé ẹ̀kọ́ léwu ju ike lọ. Wọ́n á ní ọmọdé kò gbọ́n tó. Ta ni ó gbọ́n ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá na olùkọ́ tán, ó yẹ kí a yíjú sí òbí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi àrùn ọmọ pamọ́, pàápàá ọmọbìnrin, kí ará ilé ọkọ ọ̀la má baà gbọ́. A ó di ínhélà sí ìsàlẹ̀ àpótí, a ó sì kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìtìjú wa yìí náà ń ti ìlẹ̀kùn, àní ó ń tì í ṣáájú ti ilé ẹ̀kọ́.

Láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí ìlera ní ilé ẹ̀kọ́, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìwé mìíràn. Ohun tí mo ń béèrè kò ju èyí lọ. Kí òbí kọ ìwé, kí dókítà fọwọ́ sí i, kí ínhélà ọmọ sì wà nínú àpò ọmọ, ní kíláàsì, ní pápá àti lórí ibùsùn. Bí ọmọ bá kéré jù, kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá kan náà. Kí ọ̀kan tún wà ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí kò ní àgádágodo. Kí a kọ́ gbogbo olùkọ́ bí a ti ń lò ó, kí a sì yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ eruku. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ní ti ọmọ tí ó já àgádágodo, èmi ni mo san owó rẹ̀. Mo sì sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó tún un já.